Wọ́n kọ "Poor English" sórí rípọ́ọ̀tù mi, wọn ò sọ ibi tó ti burú

Ìbéèrè yìí wá látọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní 300 level, Microbiology ló ń kà, ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó wà ní Mainland níbí. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò: "Ẹ káàsán mà. Wọ́n dá rípọ́ọ̀tù practical wa padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, 11 lórí 20 ni mo gbà, wọ́n wá fi bíírò pupa kọ Poor English gàdàgbà-gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan míì. Wọn ò fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Mo lọ bá lecturer wa ní ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn kì í ṣe tísà Gẹ̀ẹ́sì, kí n lọ tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe. Ta ni kí n wá lọ bá? GST, kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, tá a ṣe ní 100 level ti parí látijọ́. Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Bariga ní Yorùbá tí mò ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló fà á, kí n jáwọ́ nínú ẹ̀. B3 ni mo ní ní WAEC o. Ṣé kí n lọ sanwó lẹ́sìnì ni, àbí kí n máa fi ChatGPT tún un kọ? Ó ti ń sú mi." Ó fi fọ́tò ojú ìwé kan ránṣẹ́ mọ́ ọn, ọpẹ́lọpẹ́ fọ́tò yẹn, òun ló jẹ́ kí n rí nǹkan gidi dì mú.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ẹ, 11 yẹn kọ́ ló ń dùn ẹ́ jù, ohun tó ń dùn ẹ́ ni pé wọ́n na ẹ́ lẹ́gba, wọn ò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ létí. Mo mọ irú ẹ̀ dáadáa torí ó pẹ́ tí mo ti kọ́ GST, ó sì pẹ́ tí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ti ń gbé pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi ní Yaba pẹ̀lú bíírò pupa lára ẹ̀, "Recast", "Awkward", "Tense!", nígbà míì àmì ìbéèrè ńlá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá jókòó máa tú u bí ẹni ń túmọ̀ àlá. Ìbéèrè mẹ́ta ló so kọ́ra nínú ohun tó o kọ: ta ló yẹ kó sọ àṣìṣe èdè fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti èdè, ṣé Yorùbá ló ń bà á jẹ́, kí ni kó o wá ṣe báyìí. Mi ò ní mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, torí ìkẹrin kan wà tó ò bèèrè tó sì ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ, ìyẹn ni bóyá Gẹ̀ẹ́sì ẹ tiẹ̀ burú lóòótọ́.

Jẹ́ ká wo fọ́tò yẹn. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ ra píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, ẹ dà á sínú MacConkey broth, ìyẹn omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ bakitéríà, tó ní Durham tube nínú, ìgò kékeré tí wọ́n dojú ẹ̀ dé kó lè mú gáàsì, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá coliform, ọ̀wọ́ bakitéríà kan, wà nínú omi yẹn. Lábẹ́ Method o kọ ọ́ pé "We now poured the water inside the broth and we left it till the following day and we now saw gas." Tó bá jẹ́ èmi tísà GST ni mo fẹ́ máàkì gbólóhùn yìí, màá ní "now" yẹn ti pọ̀ jù, "a wá" ti Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a wá dà á sí i, a wá rí gáàsì, ìtàn lò ń sọ, ó sì dùn létí bí ìtàn. Màá ní kó o gé e sí méjì. Ó tán nìyẹn, kò sí gírámà tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mọ Microbiology tó ń kà á, nǹkan míì ló ń wá tí ò rí. Omi náà, mílílítà mélòó ni? Ṣé inú incubator lẹ gbé e sí àbí orí tábìlì? Ooru ibẹ̀ ńkọ́? "Till the following day", ṣé wákàtí 14 ni àbí 30? Ẹlòmíì tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ yẹn ṣe látinú ìwé ẹ ò lè ṣe é. Tó bá jẹ́ 10 ml lẹ lò, tẹ́ ẹ gbé e sí 37°C fún wákàtí 24, kó o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló kù, gbólóhùn náà á sì tún ara ẹ̀ ṣe, torí kò ní sáyè fún "we now" mọ́ láàárín àwọn nọ́ńbà yẹn.

Èyí tó wà lábẹ́ Results ló wá pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú. "This proves that there is E. coli in the water and it is not safe for drinking." Gírámà ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí tísà Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi bíírò kàn án. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jọ pé ó kó máàkì ẹ lọ jù. Ìdánwò tẹ́ ẹ ṣe yẹn, presumptive test ni, ìpele àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Gáàsì tó kó jọ sínú Durham tube àti broth tó yí àwọ̀ padà, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé ó ṣeé ṣe kí coliform wà níbẹ̀, coliform sì pọ̀ ní irú, àwọn kan nínú wọn ń gbé inú ilẹ̀ àti ara ewé láìjẹ́ pé ìgbẹ́ kan omi yẹn rárá. Kẹ́ ẹ tó lè dárúkọ E. coli, coliform tó ń gbé inú ìfun, ẹ ṣì máa gbé e lọ sórí EMB agar, oúnjẹ bakitéríà míì tó dì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á yọ àwọ̀ ewé tó ń dán yanran bí irin, ìpele kẹta sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ò ṣe ìyẹn, ó kéré tán kò sí nínú ohun tó o fi ránṣẹ́. Nítorí náà "proves" yẹn kì í ṣe àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì, àṣejù ni, ẹ̀ṣẹ̀ Microbiology gidi. Kódà tó o bá fi Yorùbá kọ ọ́ pé ó dájú ṣáká pé E. coli wà nínú omi yìí, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn náà ló máa jẹ́. Tó o bá ní "suggests that coliforms may be present", o ti bọ́, ìwọ̀n ohun tẹ́ ẹ rí lo sọ.

Ohun tí mò ń fà yọ ni pé bíírò pupa yẹn kó nǹkan tó pọ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó ń máàkì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ò tọ̀nà, kò ráyè wádìí ohun tí í ṣe, ó fún un lórúkọ tó sún mọ́ ẹnu jù. Mi ò sọ pé o ò ní àṣìṣe gírámà o. O ní, irú méjì ni mo rí: "s" tó ń jábọ́, "three sachet", "the result show", àti tense tó ń fò láti àná bọ́ sí òní láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọ́n ń bu iṣẹ́ ẹ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní àwọn nìkan ló gba máàkì mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹ, mi ò gbà. Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà ya èyí tó jẹ́ ti èdè sọ́tọ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Pe ẹnì kan tí ò sí nínú kíláàsì yín, ọmọ ilé kejì náà lè ṣe é, kó o fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un láìwo ìwé: kí lẹ dà sínú kí ni, ìwọ̀n wo, fún wákàtí mélòó, kí lẹ rí, kí ni ohun tẹ́ ẹ rí yẹn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kí ni kò sì tíì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Orúkọ àwọn nǹkan á wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ń wá Yorùbá Durham tube. Tí àlàyé yẹn bá já gaara, tó wá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń wọ́lẹ̀, wàhálà èdè lo ní lóòótọ́. Àmọ́ tí Yorùbá náà bá ń ta kókó, tó o débì kan tó o ń sọ pé "a ṣáà rí gáàsì ṣá", iṣẹ́ náà ni ò tíì yé ẹ, kò sì sí lẹ́sìnì Gẹ̀ẹ́sì tó máa wò ó sàn. Èmi rò pé o wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan péré ni mo rí, má gbà á bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ àǹtí ẹ ńkọ́? Yorùbá lọ́wọ́ nínú "s" tó ń jábọ́ yẹn, mi ò ní jiyàn. Tá a bá ti ní "ọmọ mẹ́ta", mẹ́ta yẹn ti ṣiṣẹ́ tán, ọmọ ò ní torí ẹ̀ yí padà. Mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ, "lọ" kan náà ni, àti ti àná àti ti ọdún tó kọjá. Ẹni tí èyí bá ti mọ́ lára, ó rọrùn kí ojú ẹ̀ máa fo "s" kọjá. Àmọ́ jíjáwọ́ nínú Yorùbá ò ní gbé "s" wá o. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́, àwọn ọmọ Ìkòyí, àwọn ọmọ Lekki, tí wọn ò lè fi Yorùbá ra ata lọ́jà, "proves" yẹn náà ni wọ́n ń kọ, "s" náà sì ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń gbé e wá ni kéèyàn máa ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa, kó sì tún padà ka tiẹ̀ kó tó fi sílẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò kéré sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe 300 level, mi ò ní fi ṣe ẹ̀rí ju bó ṣe mọ lọ, kí èmi náà má lọ jẹ̀bi "proves" tí mò ń bá ẹ wí. Ìjọba fúnra wọn ń lọ wọ́n ń bọ̀ lórí ẹ̀, 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Tìẹ ti kọjá ìyẹn. Máa bá àǹtí sọ Yorùbá ẹ, jàre.

Ká wá bọ́ sórí lecturer yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé àwọn kì í ṣe tísà Gẹ̀ẹ́sì yẹn, wọn ò dá nìkan sọ ọ́, kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní Sweden, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ físíìsì ní yunifásítì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, John Airey lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó tẹ ohun tó rí jáde ní 2012, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn, físíìsì niṣẹ́ àwọn, èdè kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Ní Ìlú Ọba gan-an tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí wọn sí, Mary Lea àti Brian Street kọ ọ́ ní 1998 pé olùkọ́ mọ iṣẹ́ tó dáa tó bá ti rí i, ṣùgbọ́n tó bá kan kó ṣàlàyé ohun tó mú un dáa, ẹnu á há, á kàn máa pe "structure", á máa pe "argument", akẹ́kọ̀ọ́ ò sì mọ ibi tó ń nawọ́ sí. Ohun tó fà á ò le. Lecturer yín ò jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ rípọ́ọ̀tù, àwòkọ́ṣe ló fi mọ̀ ọ́n, ó ti kà á títí tó fi wọ̀ ọ́ lára, ó ń ṣe é, kò lè dárúkọ ẹ̀. Fi kún un pé ìwé tó wà níwájú ẹ̀ lè tó igba, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní ìgbéga, pépà tó tẹ̀ jáde ni wọ́n máa kà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọ̀rọ̀ mélòó ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn ọmọ. Mo gba tiwọn rò. Ṣùgbọ́n ibi tí mi ò ti ní gbà fún wọn ni pé, tí kì í bá ṣe àwọn, ta ni? Èmi tí mo kọ́ GST, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ pé "proves" ò yẹ níbẹ̀ tí kì í bá ṣe pé àwọn ọmọ Microbiology ti ń gbé presumptive test wá bá mi látọjọ́ yìí. Tísà Gẹ̀ẹ́sì á kọjá lórí gbólóhùn yẹn, á máàkì ẹ̀ ní gúdù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tẹ́ ẹ rí lọ.

GST yẹn náà, kí n má tàn ẹ́, kò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, GST 111 ni wọ́n ń pè é, Communication in English, unit méjì ni. Gbogbo faculty ló wà nínú ẹ̀, gbọ̀ngàn á kún, àwọn kan á dúró sójú fèrèsé, ìdánwò ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ iléèwé sì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, A, B, C, D. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba A níbẹ̀ láìkọ páràgíráàfù kan tí èèyàn kà. B3 ẹ ní WAEC náà, lẹ́tà, aroko àti summary ló sọ pé o mọ̀, o sì mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ. Kò sí rípọ́ọ̀tù láàbù níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tún èdè akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ti bá ara wọn fà á gan-an. Ní 1996 John Truscott kọ ọ́ pé kí àwọn olùkọ́ kúkú jáwọ́ nínú títún gírámà ṣe nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kò wúlò, ó tún ń pa wọ́n lára. Dana Ferris fún un lésì ní 1999 pé ó ti yá jù láti sọ bẹ́ẹ̀, pé ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣe tún un ṣe. Wọn ò tíì parí ẹ̀ dòní. Èyí tó bá ohun tí èmi fojú rí mu jù ni ti John Bitchener àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní New Zealand: "a" àti "the" nìkan ni wọ́n dojú kọ, wọ́n fi àṣìṣe tó kù sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sì dáa sí i nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ṣì wà. Ìwé tí bíírò pupa kún bámúbámú kì í kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, ó kàn ń dẹ́rù bani ni, ọmọ á yí i dé, á jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ni ara ń gbà. Ti ẹnu náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Roy Lyster àti Leila Ranta wo àwọn kíláàsì kan ní Montreal ní Kánádà tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ, ní 1997 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdá 55 nínú 100 àtúnṣe tí àwọn tísà yẹn ń ṣe ni pé ọmọ á ṣì í sọ, tísà á tún un sọ bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ á máa lọ, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tí ọmọ dáhùn sí. Ìgbà tí tísà bá dákẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ parí ẹ̀ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà ní seminar, o ní "the bacterias was growing", olùkọ́ ní "the bacteria were growing, ehen, go on", o mirí, o ń bá tìẹ lọ, o rò pé ńṣe ni wọ́n ń gbà fún ẹ. Wọ́n ti tún ẹ ṣe, o ò gbọ́.

Tó o bá máa padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn, tí mo sì rò pé ó yẹ kó o padà lọ, má tún lọ bèèrè pé kí ló burú nínú Gẹ̀ẹ́sì mi. Ìbéèrè yẹn fẹ̀ jù, ìdáhùn tó wà fún un ò ju "lọ tún un ṣe" lọ. Tún ojú ìwé kan péré kọ, Results ni kó jẹ́, mú ti àtijọ́ mọ́ ọn, kó o fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì. Tó o bá wọlé kó o kí wọn dáadáa, kó o tètè sọ pé máàkì kọ́ lo bá wá, torí ọkàn wọn á ti lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń wá bẹ̀bẹ̀ máàkì ti sú wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mi ò wá torí máàkì sà. Mo ti yí proves yìí sí suggests torí presumptive nìkan la ṣe, ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí sà?" Wò ó, o ò bi wọ́n ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kankan, Microbiology lo bi wọ́n, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Wọ́n lè ní rárá, "indicates" làwọn máa ń lò, wọ́n lè ní kó o fi iye tube tó mú gáàsì síbẹ̀, ìyẹn gan-an lo ń wá láti ọjọ́ yìí. Má lọ lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀ tí èrò ti yí wọn ká, má sì lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń kó máàkì ìdánwò jọ. Kó o tó lọ pàápàá, kọ́kọ́ wádìí ẹni tó máàkì ìwé yẹn, torí níbi púpọ̀ kì í ṣe lecturer ló ń máàkì rípọ́ọ̀tù practical, graduate assistant ni, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ PG tó ń dúró tì yín ní láàbù. Tó bá jẹ́ ẹni yẹn ló kọ Poor English, ọ́fíìsì tó o kọ́kọ́ lọ, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó o ń sọ, wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ lé ẹ lọ ni. Òun sì súnmọ́ ẹ lọ́jọ́ orí, á tètè dá ẹ lóhùn. Wọ́n tún lè lé ẹ o, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, àwọn kan wà tí kò sí bó o ṣe bèèrè tí wọ́n máa dáhùn, mi ò sì lè sọ pé 11 yẹn á di nǹkan míì. Ti rípọ́ọ̀tù tó kàn ni mò ń bá ẹ wá.

Ní ti lẹ́sìnì, fi owó ẹ sápò ná. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń polówó káàkiri Yaba àti Akoka, IELTS ni wọ́n ń kọ́. Nínú wákàtí kan wàá ṣàlàyé chart ní ọ̀rọ̀ 150, wàá kọ aroko ní ọ̀rọ̀ 250, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ jápa, tó bá wà lọ́kàn ẹ ká jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ míì. Tísà ibẹ̀ ò mọ Durham tube. ChatGPT ṣòro díẹ̀ láti dáhùn, torí kì í ṣe pé kò dáa. "S" tó ń jábọ́ àti tense tó ń fò, ó máa rí wọn ní kíá, òun àti Grammarly, tó o bá sì sọ fún un pé kó kàn tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà, kó má tún un kọ, ó wúlò gan-an, torí ìwọ lo máa tún un ṣe fúnra ẹ. Ewu ẹ̀ wà níbi tó bá tún un kọ fún ẹ. Kò sí ní láàbù yín. Tó bá rí "till the following day", kò ní bi ẹ́, ó lè kọ 37°C fún wákàtí 24 síbẹ̀ tìgboyàtìgboyà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ 44.5°C lẹ lò lọ́jọ́ yẹn torí coliform ti ìgbẹ́ lẹ ń wá, o ti di ẹni tó kọ èsì iṣẹ́ tí ò ṣe. Ó sì lè jẹ́ kí "proves" yẹn tún dún dáadáa sí i, "conclusively demonstrates", Gẹ̀ẹ́sì á ga, àṣejù á wá di ńlá. Ká má tíì sọ ti àwọn iléèwé tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ gba inú Turnitin báyìí, ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n dà á kọ.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni màá wá ọmọ kíláàsì méjì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi í sílẹ̀, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹni tó kọ ọ́ máa gbọ́. Ibi tí ẹni tó ń kà bá ti kọsẹ̀, ẹ má sọ pé kí ló burú, ẹ kàn fa ìlà síbẹ̀, ẹni tó ni ín ló máa tún un ṣe. Ẹ lè fi Yorùbá jà lé e lórí, ìyẹn ló dáa jù, "kí lo tiẹ̀ fẹ́ sọ níbí?" máa ń tú àṣírí ju bíírò pupa lọ. Nǹkan méjì péré ni kẹ́ ẹ máa wá nínú rípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, fún ìwọ ó yẹ kó jẹ́ "s" àti ọ̀rọ̀ tó ju ohun tẹ́ ẹ rí lọ, tó bá di sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ yí i padà. "S" yẹn á pẹ́, mi ò fẹ́ kó o rò pé oṣù kan á gbà, mo mọ àwọn tó ti gba Masters tó ṣì ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ti "proves", tó bá ti yé ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó yé ẹ nìyẹn. Tó o bá ń wá àwòkọ́ṣe, má ra rípọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ẹnu geètì, àṣìṣe ibẹ̀ ti di àjogúnbá, ọmọ kan kọ ọ́, gbogbo set tó tẹ̀ lé e ló ń dà á kọ. Pépà tí lecturer yín fúnra wọn kọ ni kó o wá lórí Google Scholar, kó o ṣí i sí Results, kó o wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń lò, torí irú Gẹ̀ẹ́sì tí ò ní bí wọn nínú ló wà níbẹ̀. Tó o bá kọ èyí tó kàn tó o sì fẹ́ kí n bá ẹ wò ó, Results àti Discussion nìkan ni kó o fi ránṣẹ́, fi Introduction sílẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo kíláàsì yín ń dà kọ.